Ẹ̀fọ́ Inú Àpótí

Sheffield,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹta, 2024.

Bàbá mi,

Àsàláámú àlékúmù. Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ìmúrasílẹ̀ ààwẹ̀ tó ń bẹ̀rẹ̀ lọ́la, Ọlọ́run á jẹ́ ká fi ìlera parí ẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́? Abísọ́lá ọmọ mi ńkọ́, ṣé kì í yọ yín lẹ́nu? Ẹ bá mi sọ fún un pé físà rẹ̀ tí wọ́n kọ̀ nígbà àkọ́kọ́, èmi àti Gbọ́ládé bàbá rẹ̀ ti tún ìwé mìíràn fi sílẹ̀. A ò sinmi.

Ruqoyah àbúrò mi ní etí yín ò gbé fóònù mọ́ rárá, pé bí mo bá pè, ẹ kàn máa ń dáhùn "ẹ̀n, ẹ̀n" títí a ó fi gbé e sílẹ̀ ni. Ariwo ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ yín ló jẹ etí náà. Ó dáa, lẹ́tà la ó máa kọ. Èmi á máa tẹ tèmi ránṣẹ́ sórí fóònù Ruqoyah, ẹ̀yin ẹ fi bírò kọ tiyín, kó máa ya fọ́tò rẹ̀ sí mi.

Ìròyìn ńlá: mo ti di àgbẹ̀. Àwọn ará àdúgbò wa níbí ní ilẹ̀ kan tí wọ́n pín wẹ́wẹ́, wọ́n fún wa ní apá kan. Ṣùgbọ́n a kì í gbẹ́ ilẹ̀ náà o. Pákó mẹ́rin la kàn pọ̀ bí àpótí tí kò ní ìdérí, ó ga dé orúnkún mi, a tẹ́ páálí sísàlẹ̀, a wá ra iyẹ̀pẹ̀ dúdú nínú àpò, a dà á sí i títí ó fi kún. Inú ẹ̀ la ń gbin ẹ̀fọ́ sí. Bàbá òyìnbó kan tó ń jẹ́ Cornelius, tó ń mójú tó ilẹ̀ náà, ló ń kọ́ wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo wọ́n irúgbìn tẹ̀tẹ̀ tí mo gbé ti ilé wá sí i. Tó bá fi máa di oṣù karùn-ún, ẹ̀fọ́ tí mo fọwọ́ ara mi gbìn ni mo máa sè.

Ẹ fi mí yangàn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Naimat yín.


Ìjù, Ọ̀tà,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹta.

Naimat, Àníkẹ́ mi,

Wàlékúmú sàláámù. A wà láàyè. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbé mi dé mọ́sálásí. Abísọ́lá wà pa, ó ń bú Ruqoyah lójoojúmọ́ bí ìwọ náà ṣe máa ń bú ìyá yín kó tó kú.

Aláàwẹ̀ kò gbọdọ̀ bínú. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé lẹ́tà rẹ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó fèsì.

O ra iyẹ̀pẹ̀. Mo kà á, mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. Mo pe Ruqoyah, mo ní, "Wá bá mi wo ibí yìí, kí ló rà?" Ó wò ó, ó ní, "Bàbá, iyẹ̀pẹ̀ ni." Ọmọ tí bàbá bàbá rẹ̀ kọ ebè ní Ìwó títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀, òun ló wọ ṣọ́ọ̀bù, tó sanwó, tí wọ́n di iyẹ̀pẹ̀ fún, tó sì rù ú wálé. Ṣé o tilẹ̀ ná an? Ṣé wọ́n fi ènì lé e?

Àti àpótí! Òkú là ń kan pósí fún, Naimat. Ẹ̀fọ́ ò tíì kú. Tẹ̀tẹ̀ wo ló ń fẹ́ pákó kó tó hù? Bí èèyàn bá gbọn aṣọ rẹ̀ létí gọ́tà, tẹ̀tẹ̀ á hù níbẹ̀. Ìwọ tí mo ní kó o tu èpò nígbà tó o wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, tó jẹ́ pé ẹ̀fọ́ lo tu, tó o fi èpò sílẹ̀, tó o tún ń bomi rin ín fún ọ̀sẹ̀ kan. Òyìnbó wá fẹ́ fi ọ́ ṣe àgbẹ̀. Kí Ọlọ́run ràn án lọ́wọ́.

Ní tèmi, ẹ̀yìnkùlé wa níbí ti tutù yọ̀yọ̀ láti òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ṣọkọ, ilá, ewúro, tòmátì. Kò sí àpótí kankan níbẹ̀. Mo fi ọkọ́ gbẹ́ ilẹ̀, mo wọ́n irúgbìn, mo bá tèmi lọ. Ọmọ rẹ ń jẹ ẹ́ láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Nígbà tí pósí rẹ bá sọjí, kó o kọ̀wé.

Bàbá rẹ, Àmọ̀dá.


Sheffield,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin.

Bàbá mi,

Mo kí yín o, ẹ kú ọdún ìtúnu tó kọjá. Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe púpọ̀ ẹ̀ láyé.

Kí ẹ tó bi mí: tẹ̀tẹ̀ náà kú. Ó hù, ó sì kún bí irun orí ọmọ tuntun, torí mo wọ́n irúgbìn náà bí ẹni ń fún adìyẹ lóúnjẹ. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan a jí, òtútù ti mú gbogbo ẹ̀ dúdú. Cornelius wò ó, ó ní, "Naimat, ta ló sọ fún ẹ pé kó o gbin nǹkan ilẹ̀ gbígbóná síta nínú oṣù kẹta?" Mo ní kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé kí n má gbìn ín. Ẹ̀fọ́ òyìnbó tí mo gbìn tẹ̀ lé e, àwọn ìgbín kéékèèké kan tí kò ní ìkarahun ló jẹ ẹ́ tán. Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Mo ti tún òmíràn gbìn, mo fi àyè sáàárín ẹ̀ báyìí.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí kì í ṣe ẹ̀rín. Mo bi Cornelius pé kí ló dé tá a fi ń ṣe gbogbo wàhálà àpótí yìí nígbà tí ilẹ̀ wà nílẹ̀. Ó ní nígbà tí bàbá òun wà lọ́mọdé, ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ irin ló wà níbẹ̀. Ó ní ilẹ̀ náà ti mu májèlé, bí ẹ̀fọ́ bá ta gbòǹgbò sínú ẹ̀, májèlé á bá gbòǹgbò gòkè wọ ewé, erùpẹ̀ rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ọwọ́ àti ẹnu ọmọdé. Ó ní òjé ló burú jù, pé ọpọlọ ọmọdé ló máa ń bà jẹ́, kò sì ní òórùn, kò ní adùn.

Bàbá, òjé ni wọ́n ń yọ́ nínú ògbólógbòó bátìrì ọkọ̀ níbi tí ẹ ti ṣiṣẹ́. Láti ẹ̀yìnkùlé wa, a lè sọ òkúta lu fẹ́ǹsì wọn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fún Abísọ́lá ní ẹ̀fọ́ yẹn mọ́ títí ẹnì kan á fi yẹ ilẹ̀ náà wò. Ẹ má jẹ́ kó ṣeré níbẹ̀.

Naimat.


Ìjù, Ọ̀tà,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù karùn-ún.

Naimat,

Mo ti gbọ́. Nítorí pé tẹ̀tẹ̀ tìẹ kú, tèmi gbọ́dọ̀ jẹ́ májèlé.

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ nídìí òjé. Mo fọwọ́ gbé e, mo mí i símú, mo di fọ́máàn lórí ẹ̀. Òun ló kọ́ ilé yìí. Òun ló rán ìwọ lọ sí iléèwé tó o fi mọ òyìnbó sọ débi tó o fi ń gba ẹ̀kọ́ oko lẹ́nu òyìnbó. Òjé tí kò fi iná pa mí, ilá ló máa wá fi pa mí? Sọ fún Cornelius pé mo kí i. Sọ fún un pé ẹni tí ìgbín jẹ ẹ̀fọ́ mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ kì í ṣe olùkọ́.

Inú ń run Abísọ́lá díẹ̀. Mángòrò tí kò tíì pọ́n ló jẹ, Ruqoyah ti fún un ní oògùn aràn. Olùkọ́ rẹ̀ ní ó ń gbàgbé a, b, d tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀lẹ ni, ó jọ ẹ. Kò sí ohun tí ẹ̀fọ́ fi ṣe níbẹ̀.

Má kọ ọ̀rọ̀ òjé sí mi mọ́.

Àmọ̀dá.


Sheffield,
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà.

Bàbá mi,

Mo kí yín. Mi ò rẹ́rìn-ín sí lẹ́tà yín.

Mángòrò wo ló ń mú ọmọ ọdún márùn-ún gbàgbé ohun tó ti mọ̀? Ruqoyah ní kò jẹun dáadáa mọ́, pé ó ń sùn lọ́sàn-án bí arúgbó. Ẹ̀yin ò kọ ìyẹn sí mi.

Ẹ fi àpótí mi ṣẹ̀sín, ẹ fi Cornelius ṣẹ̀sín, ẹ fi èmi pàápàá ṣẹ̀sín, ó tọ́ sí yín, ẹ̀yin lẹ bí mi. Ṣùgbọ́n Abísọ́lá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sín. Kò sí lọ́wọ́ mi, ọwọ́ yín ni mo fi sí. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ ní òjé ni kí wọ́n wá níbẹ̀. Bí wọn ò bá rí nǹkan kan, màá kọ̀wé tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, lọ́wọ́ ilá, àti lọ́wọ́ ewúro.

Mo ká ẹ̀fọ́ mi àkọ́kọ́ lánàá. Kò dùn lẹ́nu mi.

Naimat.


Sheffield,
Ọjọ́ keje, oṣù keje.

Bàbá,

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ruqoyah ò dáhùn nǹkan tí mo bi í. Ó kàn ń sọ pé, "Bàbá ní kí n dákẹ́, àwọn fúnra wọn ló máa kọ̀wé." Gbólóhùn yẹn ti lé oorun lójú mi. Bí ọmọ mi bá wà láàyè, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Mi ò bìkítà bó jẹ́ èébú.

Naimat.


Ìjù, Ọ̀tà,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹjọ.

Naimat, ọmọ mi,

Ó wà láàyè. Mo kọ ìyẹn ṣáájú, kó o lè mí.

Mi ò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn nítorí pé mo gbà ọ́ gbọ́ o. Mo gbé e lọ kí n lè fi èsì rẹ̀ bú ọ ni. Mo ti kọ èébú náà sílẹ̀ ní orí mi kí n tó wọkọ̀. Dókítà tó gbà wá, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ẹfúnróyè, kò tíì tó ọ lọ́jọ́ orí. Ó ní ẹ̀jẹ̀ náà á lọ sí Èkó, ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nígbà tí èsì dé, ó ń bá mi sọ̀rọ̀, ó ń bá mi sọ̀rọ̀, mo ń sọ pé "ẹ̀n, ẹ̀n." Ó rí i pé mi ò gbọ́. Ó mú bébà, ó kọ ọ́ gàdàgbà: ÒJÉ WÀ LẸ́JẸ̀ RẸ̀, Ó PỌ̀ JÙ. Ó tún kọ sábẹ́ ẹ̀: NÍBO NI ILÉ YÍN WÀ?

Mo sọ fún un. Ó ní afẹ́fẹ́ ilé-iṣẹ́ náà ló gbé e wá.

Naimat, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Nígbà tí mo ra ilẹ̀ yìí, irà ni gbogbo ẹ̀yìnkùlé, ọ̀pọ̀lọ́ ló ń gbé ibẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ní òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ eérú ìléru kó wá kó o lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi dí kòtò ilé rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ nọ́wọ́ sókè. Típà mẹ́sàn-án. Mo dúró lórí ẹ̀, mo ń júwe fún dírẹ́bà pé kó dà á síbí, kó dà á sọ́hùn-ún. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí ó le, mo wá da iyẹ̀pẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lé e lórí. Ìyá yín ní, "Bàbá Naimat, eérú yìí ń ta mí nímú." Mo ní obìnrin ò mọ nǹkan kan nípa ilé kíkọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbin ẹ̀fọ́ sórí ẹ̀. Ìwọ jẹ ẹ́. Ruqoyah jẹ ẹ́. Ìyá yín jẹ ẹ́. Ọlọgbọ́n inú ilé yìí nìyẹn, ẹni tó mọ ilẹ̀.

Mo ti tu gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, mo di í sínú àpò, mi ò jẹ́ kí ewúrẹ́ pàápàá jẹ ẹ́. Mo fi nílọ́nù bo ilẹ̀ náà, mo sì ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa. Dókítà fún Abísọ́lá lóògùn. Òun àti Ruqoyah ti lọ sọ́dọ̀ Mùíbátù àbúrò mi ní Alápòtí. Èmi nìkan ló wà nílé.

Dókítà ní ẹ̀fọ́ gan-an ni ọmọ náà nílò, èyí tó mọ́, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lágbára. Mùíbátù kì í dá oko, ẹja ló ń tà. Mo wá ra pákó, mo kan àpótí mẹ́ta sórí kọnkéré iwájú ilé. Mo ra iyẹ̀pẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Láti Alápòtí ni wọ́n ti gbé e wá nínú àpò. Rẹ́rìn-ín, mo dúró dè ọ́.

Mo da ìgbẹ́ adìyẹ sí i, mo fi nílọ́nù yí inú àpótí náà ká dáadáa kí omi má jò dànù. Ẹ̀fọ́ náà hù, ó pupa, ó jóná, ó kú. Mo tún un gbìn, ó tún kú. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Àmọ̀dá.


Sheffield,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹjọ.

Bàbá,

Ibi iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín. Mo ń tọ́jú ìyá arúgbó kan lọ́wọ́, òun ló padà wá ń nu omijé mi.

Mi ò lè rẹ́rìn-ín, ẹ má bínú. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò sì lè sọ pé kò sí nǹkan. Ẹ kọ̀wé sí mi nínú oṣù karùn-ún pé ọ̀lẹ ni ọmọ mi.

Ọ̀rọ̀ àpótí yín: fọ́máàn àgbà, ọmọ àgbẹ̀ Ìwó, ẹ da ìgbẹ́ adìyẹ tútù sórí ẹ̀fọ́ jòjòló! Ó gbóná, ó máa jó o ni. Ẹ kó o jọ sí kọ̀rọ̀ kan, ẹ bomi wọ́n ọn, ẹ fi í sílẹ̀ fún oṣù méjì, mẹ́ta, títí kò fi ní rùn mọ́. Ẹ sì lu nílọ́nù yẹn ní ihò. Ẹ ti sọ àpótí di korobá, gbòǹgbò ń mumi kú. Ẹ má jẹ́ kó fẹ̀ ju ibi tí ọwọ́ yín lè dé láàárín lọ, kí ẹ má baà máa tẹ orí iyẹ̀pẹ̀ náà. Iyẹ̀pẹ̀ máa ń rọ̀ sílẹ̀ nínú àpótí, ẹ máa bù ú kún un. Ẹ bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, àpótí máa ń gbẹ kíá ju ilẹ̀ lọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni tó ń kọ́ ọ kọ́kọ́ máa ń ṣì ṣe lẹ ṣì ṣe, èmi náà ṣe é.

Ìbéèrè kan ló kù. Ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé yẹn, kì í ṣe àwa nìkan la jẹ ẹ́. Gbogbo ojúlé ni ẹ máa ń pín in fún, ẹ máa ń fi ṣe sàárà lọ́jọ́ Jímọ̀. Ṣé ẹ ti sọ fún wọn?

Mi ò ní kọ̀wé títí ẹ ó fi sọ fún wọn.

Naimat.


Ìjù, Ọ̀tà,
Ogúnjọ́, oṣù kẹwàá.

Naimat,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ. Mo dúpẹ́ pé ò ń bá mi bínú, torí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já mọ́ nǹkan kan là ń wò níran.

Mi ò tètè sọ fún wọn. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé àwọn náà ní ojú, wọ́n rí i pé mo ti tu oko. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sí mọ́sálásí kí n má baà pàdé ẹnikẹ́ni. Ó wá di ọjọ́ Jímọ̀ kan, ìyàwó Ọ̀ṣìnúbí tó kọ́lé sọ́wọ́ ọ̀tún wa dúró lẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú abọ́. Ó ní, "Bàbá, ó mà pẹ́ tí a ti jẹ ẹ̀fọ́ yín, ọmọ-ọmọ wa ń bèèrè." Mo wo abọ́ yẹn, Naimat. Mo ní kó lọ pe ọkọ rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí èmi àti Ọ̀ṣìnúbí ti jọ ń jókòó síwájú ilé. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un: eérú, típà, ẹ̀jẹ̀ Abísọ́lá, ohun tí dókítà kọ. Kò jókòó. Ó mọ̀ pé etí mi ò gbọ́, ó pariwo débi pé gbogbo ojúlé jáde.

"Ṣé o mọ̀?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Ìwọ Àmọ̀dá! Ìwọ tó máa ń fi gbogbo wa ṣẹ̀sín pé a ò mọ ohun tí à ń jẹ! Ìwọ ni o ò mọ̀?"

Mo ní ọmọ mi sọ fún mi láti oṣù kẹrin, mo bú u.

Ó tutọ́ sílẹ̀. Kò tutọ́ sí mi lára, ilẹ̀ ló tu ú sí. Ó wọlé.

Àwọn tó kù kò pariwo tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn, ojúlé mẹ́tàdínlógún. Àwọn kan ṣàdúà fún mi, ìyẹn ló dùn mí jù. Mo bá Dókítà Ẹfúnróyè sọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ wá. Nínú ọmọ mọ́kànlá tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ wọn, mẹ́fà ní in. Rauf, ọmọ-ọmọ Ọ̀ṣìnúbí, tiẹ̀ ló ga jù, ó ga ju ti Abísọ́lá lọ. Wọ́n ti ń fún un lóògùn. Ẹ̀jẹ̀ tèmi náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Má bi mí iye tó wà níbẹ̀.

Ti Abísọ́lá ti ń wálẹ̀. Dókítà ní kì í ṣe gbogbo ohun tó bà jẹ́ ló máa padà, kò sì tíì sẹ́ni tó lè sọ èyí tó máa padà. Mo lọ sí Alápòtí lọ́jọ́ Àìkú. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sí ilẹ̀ fún mi, ó fo lẹ́tà kan, ó sì bínú pé mo rí i. Ó jẹ ìdì ṣọkọ kan tán, láti inú àpótí. Bí físà rẹ̀ bá jáde, ẹ wá mú un kíákíá. Ẹ má dúró nítorí mi.

Mo kọ́kọ́ ká ẹ̀fọ́ tó mọ́ náà ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Mo gbé ìdì kan lọ sí ẹnu ọ̀nà Ọ̀ṣìnúbí. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó rìn dé etí gọ́tà, ó jù ú síbẹ̀, ó padà wọlé. Mi ò bá a jà. Mo ń ran àwọn òbí àwọn ọmọ tó kù lọ́wọ́ láti kan àpótí tiwọn. Ìyàwó Ọ̀ṣìnúbí ti kan àpótí kan sẹ́yìn ilé, ó wá wọn tèmi nígbà tí ọkọ rẹ̀ jáde.

Láràárọ̀ tí mo bá ń bomi rin ẹ̀fọ́, Ọ̀ṣìnúbí máa ń jáde wá gbá iwájú ilé rẹ̀. Mo máa ń kí i. Kò tíì dáhùn.

Mo kí i lónìí.

Bàbá rẹ ni,
Àmọ̀dá.